Iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ fún ẹni tí àrùn iṣan wíwú ń bá fínra: ìtọ́sọ́nà fún aláìsàn àti ará ilé

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ará ilé máa ń gbé wá, bí ẹnu wọn ò tilẹ̀ dọ́gba: "Dókítà ti rí jẹjẹrẹ lára màmá wa, wọ́n ní àfi iṣẹ́ abẹ. Bẹ́ẹ̀ màmá ò lè dìde lórí àga mọ́ bí a ò bá fà wọ́n, prednisolone ni wọ́n sì ń lò lójoojúmọ́. Èwo la ó kọ́kọ́ tọ́jú nínú méjèèjì?"

Èsì mi rèé kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀: ẹ má yà wọ́n. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, jẹjẹrẹ náà ló ń ti àrùn iṣan lẹ́yìn; bí wọ́n bá yọ ọ́, oògùn iṣan máa ń ráyè ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, a kì í dúró títí iṣan yóò fi le koko kí a tó gbé aláìsàn wọ tíátà. Ohun mẹ́rin la máa ń dúró tò: ọ̀nà ọ̀fun, èémí, ọkàn, àti sítẹ́rọ́ọ̀dù, ìyẹn oògùn bíi prednisolone, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá dúró lójijì.

Mo kọ ìwọ̀n oògùn sínú ìtọ́sọ́nà yìí kí ẹ lè lóye ohun tí dókítà yín ń sọ, kí ẹ sì lè béèrè bó ṣe yẹ. Ẹ má tìtorí rẹ̀ lọ ra ohunkóhun ní kẹ́mísì.

## Àrùn wo là ń sọ?

Dermatomyositis ló jù. Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà, ló kọjú ìjà sí iṣan àti awọ ara ẹni tó ni wọ́n. Iṣan ìbàdí àti ti èjìká ló máa ń kọ́kọ́ rọ. Dídìde lórí àpótí á di iṣẹ́, gígun àtẹ̀gùn á di iṣẹ́, gbígbé apá sókè di gèlè tàbí ya irun á di iṣẹ́.

Lára àwa aláwọ̀ dúdú, awọ tó ń ṣàìsàn yìí lè má pọ́n rárá. Ó máa ń dúdú sí i, tàbí kó rí bí àwọ̀ àlùkò, tàbí bí eérú: ní ìpéǹpéjú, lórí oríkèé ìka ọwọ́, ní ọrùn àti èjìká. Àwọn kan á ní ìpara ló bó o lára, àwọn mìíràn á ní aráyé ló ṣe é. Oṣù á máa gorí oṣù, jẹjẹrẹ á sì máa dàgbà lábẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní dermatomyositis ló ní jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá pàdé, wọn kì í sábà fi ju ọdún mẹ́ta lọ síra wọn, èyí ó wù kó ṣáájú. Jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin, ti ọmú, ti ẹ̀dọ̀fóró, ti ìfun ńlá àti ti àpòlúkù wà lára èyí tí wọ́n máa ń rí. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá gbé èròjà ìjà ara tí wọ́n ń pè ní TIF1-gamma tàbí NXP2 jáde fún àgbàlagbà, ìfura dókítà á pọ̀ sí i. Polymyositis, irú àrùn iṣan wíwú tí kì í kan awọ, náà lè bá jẹjẹrẹ rìn, àmọ́ kò tó ti dermatomyositis.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ jẹ́ kí àwọn dókítà jọ sọ̀rọ̀

Dókítà oníṣẹ́ abẹ mọ jẹjẹrẹ. Dókítà oríkèé òun iṣan, tí wọ́n ń pè ní rheumatologist, mọ àrùn iṣan. Dókítà akunnilóorun ló máa di èémí aláìsàn mú ní tíátà. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni kí kálukú ṣe tirẹ̀. Ẹnì kan á dín prednisolone kù kí ojú ọgbẹ́ lè jiná, kò ní sọ fún ẹnì kejì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn á wá lọ sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, wọn ò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

1. Ẹ béèrè ẹni tó máa ṣe olórí ìtọ́jú náà. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó jẹ́, kí ẹ sì ní nọ́ńbà rẹ̀.
2. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí dókítà akunnilóorun rí aláìsàn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ó kéré tán. Bó bá jẹ́ alẹ́ tí ilẹ̀ ọ̀la fẹ́ mọ́ bá iṣẹ́ abẹ ló tó rí i, kò sí àyè àtúnṣe mọ́.
3. Rheumatologist ò pọ̀ ní Nàìjíríà. LASUTH, ọsibítù yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, wà lára ibi tí wọ́n wà. Bí ọsibítù yín ò bá ní, ẹ ní kí dókítà yín kọ lẹ́tà tàbí kó fóònù ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí fóònù sàn ju ìrìn àjò tó máa tán aláìsàn lókun.
4. Bí ẹ bá wà ní Bìrìtéènì, ẹ gba káàdì tí NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, ń pè ní Steroid Emergency Card, kó sì wà lára aláìsàn nígbà gbogbo. Ní ilé, ẹ lè kọ irú rẹ̀ fúnra yín sórí páálí kékeré: orúkọ, oògùn, ìwọ̀n, àti gbólóhùn yìí, "Ẹ má dá sítẹ́rọ́ọ̀dù dúró."

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ gbogbo oògùn sílẹ̀, títí kan èyí tó ń tì yín lójú

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù.

Orí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ní ẹṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe sítẹ́rọ́ọ̀dù ti ara, tí wọ́n ń pè ní cortisol. Bí a bá ń gbé sítẹ́rọ́ọ̀dù wọlé láti ìta fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹṣẹ́ wọ̀nyí á sùn lọ. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ara máa ń nílò cortisol ju ti ọjọ́ lásán lọ. Bí ẹṣẹ́ bá ń sùn, tí ẹnikẹ́ni ò sì fi abẹ́rẹ́ dí àlàfo náà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀, èébì á dé, aláìsàn lè dákú, ó sì lè kú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lo prednisolone 5 mg tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wà nínú ewu yìí.

Ní ọ̀dọ̀ wa, sítẹ́rọ́ọ̀dù ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Ẹ wá a níwọ̀nyí:

- Dexamethasone tí wọ́n ń rà ní kẹ́mísì fún ara ríro tàbí kí ara lè sanra. 0.75 mg rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agbára prednisolone 5 mg.
- Àpapọ̀ oògùn tí kẹ́mísì bù sínú ọ̀rá láìkọ orúkọ sí i.
- Àgúnmu tàbí agbo tí wọ́n ní ó ń mú oríkèé yá kíákíá. Bó bá yá jù, ẹ fura.
- Ìpara tó ní clobetasol, sítẹ́rọ́ọ̀dù tó lágbára, nínú, pàápàá èyí tí wọ́n ń fi bóra. Ó ń gba awọ wọ inú ẹ̀jẹ̀.
- Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sí orúnkún tàbí ẹ̀yìn.

Kò sí dókítà tó gbọ́n tó máa bú yín nítorí èyí. Ẹ kó ike, ọ̀rá àti páálí oògùn náà dání, kí ẹ tẹ́ wọn sórí tábìlì.

Ní ti àwọn oògùn tí ọsibítù fún yín, ohun tó yẹ kí ẹ béèrè nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyí:

Prednisolone. A kì í dá a dúró. Bí àyè bá wà ṣáájú iṣẹ́ abẹ, dókítà lè máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, torí ìwọ̀n tó pọ̀ ń mú kí ọgbẹ́ pẹ́ kó tó jiná, ó sì ń gbé ṣúgà sókè.

Methotrexate. Ó ń tẹ ààbò ara rì kó má bá iṣan jà mọ́; ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó. Èèyàn ti kú nítorí pé wọ́n fún un lójoojúmọ́ ní wọ́ọ̀dù. Ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ gàdàgbà sára páálí: "ọjọ́ Mọ́ńdè nìkan". Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń jẹ́ kó máa lọ bí kíndìnrín bá dára. Bí kíndìnrín bá rẹ̀ tàbí tí àkóràn bá wọlé, wọ́n á dá a dúró. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ co-trimoxazole, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Septrin, torí méjèèjì lè jọ pa mùdùnmúdùn inú egungun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀.

Azathioprine àti mycophenolate, tí àwọn náà ń tẹ ààbò ara rì. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ ó dá a dúró àti ọjọ́ tí ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹni tó ń lo allopurinol fún gout, àrùn oríkèé wíwú, gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí òun àti azathioprine kì í gbé pọ̀ láìséwu.

Rituximab. Òun náà ń tẹ ààbò ara rì; ẹ mú ọjọ́ tí ẹ gbà á kẹ́yìn lọ.

Hydroxychloroquine. Wọ́n ń lò ó fún àrùn awọ yìí; ó lè máa lọ, ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ rẹ̀. Òun àti oògùn èébì bíi ondansetron lè jọ da bí ọkàn ṣe ń lù rú.

Oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àwọn statin. Àwọn náà lè ba iṣan jẹ́. Kí dókítà mọ̀ pé ẹ ń lò ó.

## Ìgbésẹ̀ 3: Àwọn àyẹ̀wò tí kò yẹ kí wọ́n fò

1. Agbára iṣan. Kí dókítà tàbí oníṣẹ́ físíò wò ó, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀: ṣé aláìsàn lè dìde lórí àga láìfọwọ́tì? Ṣé ó lè gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí? Ohun tí wọ́n bá kọ lónìí ni wọn ó fi díwọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Iṣan ọrùn tó rọ jẹ́ àmì pé ọ̀fun àti èémí lè má dára.
2. CK, èròjà kan tó ń gbé inú iṣan, nínú ẹ̀jẹ̀. Iṣan tó ń bàjẹ́ ló ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí ìdí tàbí apá aláìsàn ṣáájú àyẹ̀wò yìí, torí abẹ́rẹ́ inú iṣan fúnra rẹ̀ ń gbé CK sókè. Ẹ sì mọ̀ pé CK lè dára kí dermatomyositis ṣì máa jà.
3. Gbígbé nǹkan mì. Ẹ fún un ní omi díẹ̀, kó jókòó gbọọrọ. Bó bá wúkọ́, tí ohùn rẹ̀ rí bíi pé omi wà nínú rẹ̀, tàbí tí omi gba imú jáde, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Oúnjẹ tó bọ́ sí ọ̀nà èémí lè pa èèyàn kí jẹjẹrẹ tó dé ibẹ̀.
4. Èémí. Spirometry ni wọ́n ń ṣe, aláìsàn á fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ. Ó dára kí wọ́n ṣe é ní ìjókòó àti ní ìdùbúlẹ̀. CT, ìyẹn síkáànì, àyà ń fi hàn bí ẹ̀dọ̀fóró bá ti ń le. Nílé, ẹ ní kó mí kanlẹ̀, kó wá ka nọ́ńbà sókè láìtún mí. Bí kò bá lè dé 20, ẹ pe dókítà.
5. Ọkàn. ECG, tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù, àti echo, síkáànì ọkàn. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe troponin, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi ìpalára ọkàn hàn, ẹ béèrè bóyá troponin I ni: iṣan tó ń ṣàìsàn lè gbé troponin T sókè láìjẹ́ pé ọkàn ní wàhálà.
6. Ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, potassium, kíndìnrín. Èyí ò nílò àlàyé púpọ̀. Ẹ kàn rí i pé wọ́n ṣe é.

Àṣìṣe kan wà níbí tó ń dun mi gan-an. AST àti ALT, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀, ń jáde láti inú iṣan pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ga lára ẹni tó ní jẹjẹrẹ, wọ́n lè yára sọ pé jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀, kí wọ́n sì ní iṣẹ́ abẹ ò wúlò mọ́. Kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ béèrè ohun méjì: èló ni CK, èló sì ni GGT, èròjà ẹ̀dọ̀ tí kì í jáde láti inú iṣan? Bí CK bá ga tí GGT sì wà níwọ̀n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣan ló ń sọ̀rọ̀. Síkáànì ẹ̀dọ̀ ni kó parí àríyànjiyàn náà.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ká lọ àbí ká dúró díẹ̀?

Ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú àwọn dókítà.

Kò sí ìdúró bí ìfun bá ti dí, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, tàbí bí ìfun bá ti lu. Wọ́n á fi sítẹ́rọ́ọ̀dù bò ó, wọ́n á sì wọlé.

Ẹ lè lọ ní ọjọ́ tí wọ́n dá bí ó bá ń gbé oúnjẹ mì, tó ń mí dáadáa, tí ọkàn rẹ̀ dára, bí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ṣì rọ. Mo tún un sọ torí ọ̀pọ̀ ará ilé ló ń sún iṣẹ́ abẹ síwájú nítorí ẹsẹ̀ tó rọ. Ẹsẹ̀ tó rọ nìkan ò tó ìdí.

Ó yẹ kí ẹ dúró fún ìgbà díẹ̀ bí oúnjẹ bá ń ṣìnà lọ́fun, bí èémí bá ń dín kù lójoojúmọ́, bí ọkàn bá ti wú, tàbí bí àkóràn bá wà lára. Ẹ lo ìdúró náà fún iṣẹ́:

- Ìtọ́jú IVIG, ìyẹn àkójọ èròjà ààbò láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn olùtọrẹ, tí wọ́n ń fi dírípù fúnni. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni 2 g fún kílò kan ara, tí wọ́n pín sí ọjọ́ 2 sí 5. Ẹni tó wọn 60 kg á gba 120 g. Ó wúlò gan-an níbí torí kì í tẹ ààbò ara rì bíi sítẹ́rọ́ọ̀dù, kì í sì í dí ọgbẹ́ lọ́wọ́ láti jiná. Ewu rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ dídì àti kíndìnrín, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ rọra máa fún un, kí omi sì tó nínú ara.
- Oúnjẹ. Bí ọ̀fun bá kọ̀, rọ́bà oúnjẹ tó gba imú dé ikùn kì í ṣe ìtìjú. Ẹni tí ebi ti gbẹ kì í rí ohun tí ọgbẹ́ rẹ̀ máa fi jiná.
- Ìdánrawò èémí pẹ̀lú oníṣẹ́ físíò.

IVIG wọ́n, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní lè rà á. Ẹ má sì jẹ́ kí ìyẹn mú yín sọ̀rètí nù. Sítẹ́rọ́ọ̀dù inú ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, pẹ̀lú methotrexate tàbí azathioprine, ni wọ́n fi ń tọ́jú ọ̀pọ̀ aláìsàn. Bí ó bá jẹ́ owó fún ohun kan ṣoṣo ni ẹ ní, tí ọ̀fun àti èémí sì dára, lójú tèmi ẹ fi ṣiṣẹ́ abẹ.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ẹ lè béèrè. Fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin tàbí ti ọmú, wọ́n lè fi kẹ́mò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, bẹ̀rẹ̀ kí jẹjẹrẹ súnkì, kí iṣan náà ráyè mí, kí wọ́n tó wá ṣiṣẹ́ abẹ. Fún ti ọmú, dókítà akunnilóorun kan lè fi abẹ́rẹ́ pa ìrora àyà nìkan dípò oorun tó wọra pátápátá.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ohun tí ẹ ó bá dókítà akunnilóorun sọ

Ẹ lè ka èyí fún un bó ṣe wà. Kò ní bínú. Inú rẹ̀ á dùn pé ẹ mọ̀.

- "Àrùn iṣan wà lára rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè yẹra fún suxamethonium?" Oògùn yìí, tí wọ́n fi ń mú iṣan rọ ní tíátà, lè mú kí iṣan tó ń ṣàìsàn da potassium sínú ẹ̀jẹ̀, kí ọkàn sì dúró.
- "Oògùn tó ń mú iṣan rọ lè pẹ́ lára rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ." Wọ́n á dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ wo bí iṣan ṣe ń jí kí wọ́n tó yọ rọ́bà èémí. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń wò, train-of-four, gbọ́dọ̀ tó 0.9. Bó bá jẹ́ oògùn tí wọ́n ń pè ní rocuronium ni wọ́n lò, sugammadex ń tètè pa agbára rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ó wà ní ọsibítù, tàbí kí ẹ wá a sílẹ̀.
- "Oúnjẹ máa ń ṣìnà lọ́fun rẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń yí bí wọ́n ṣe ń kun aláìsàn lóorun padà.
- "Ṣé bẹ́ẹ̀dì ICU, yàrá ìtọ́jú àkànṣe, wà bí èémí rẹ̀ bá kọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ?" Bí èsì bá jẹ́ rárá, kí ẹ mọ̀ ṣáájú, kí ẹ lè gba ọsibítù mìíràn lọ.
- "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún gentamicin." Oògùn àkóràn ni, òun náà ń dín agbára iṣan kù, wọ́n sì máa ń tètè fi sínú ìwé oògùn ní ọ̀dọ̀ wa. Magnesium inú ẹ̀jẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ

1. Aláìsàn á lo prednisolone àárọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú omi díẹ̀, àfi bí dókítà bá ní kó má lò ó. Ààwẹ̀ iṣẹ́ abẹ kò kan sítẹ́rọ́ọ̀dù. Bí kò bá lè gbé e mì, kí nọ́ọ̀sì fún un láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀.
2. Bí oorun bá ti ń gbé e, hydrocortisone, sítẹ́rọ́ọ̀dù abẹ́rẹ́, 100 mg lọ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà, 200 mg láàárín wákàtí 24, yálà pẹ̀lú dírípù tàbí 50 mg ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà. Èyí ni ìlànà tí àwọn dókítà akunnilóorun ilẹ̀ Bìrìtéènì gbé jáde ní 2020 fún iṣẹ́ abẹ ńlá, ọ̀pọ̀ ibi ló sì ń tẹ̀ lé e.
3. Kí wọ́n fi tìmùtìmù gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ dáadáa lórí bẹ́ẹ̀dì tíátà. Awọ tí sítẹ́rọ́ọ̀dù ti sọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń bó.

Ohun tó yẹ kó wà nínú báàgì yín:

- Káàdì sítẹ́rọ́ọ̀dù àti àkọsílẹ̀ oògùn
- Èsì CK, spirometry, echo àti síkáànì, ẹ̀dà méjì
- Oògùn náà gan-an, nínú páálí rẹ̀
- Nọ́ńbà olórí ìtọ́jú àti ti dókítà iṣan

## Ìgbésẹ̀ 7: Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́

Ẹni tó bá dúró ti aláìsàn ní wọ́ọ̀dù lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là bó bá mọ ohun tó ń wò.

Èémí. Ẹ gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè. Kó máa ka nọ́ńbà sókè láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí iye tó ń kà bá ń lọ sílẹ̀, tàbí tí ohùn bá ń rẹlẹ̀, ẹ pe nọ́ọ̀sì kí ó tó di pé ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Oògùn ìrora bíi morphine ń dín èémí kù, ẹ béèrè ìwọ̀n tó kéré jù tó máa ran án lọ́wọ́.

Oúnjẹ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún un ní omi tàbí ọbẹ̀ kí wọ́n tó tún ọ̀fun wò. Ìfẹ́ ló máa ń mú kí àbúrò tàbí ọmọ gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá ní kùtù. Ẹ ní sùúrù títí nọ́ọ̀sì á fi gbà.

Sítẹ́rọ́ọ̀dù. Bó bá ti ń jẹun, wọ́n máa ń fún un ní ìlọ́po méjì ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ńlá, kí wọ́n tó dá a padà síbi tó wà. Bó bá ń bì, hóró oògùn ò wúlò, abẹ́rẹ́ ni.

Ẹ̀jẹ̀ dídì. Jẹjẹrẹ ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, dermatomyositis náà ń mú un dì, ìdùbúlẹ̀ náà sì ń dá kún un. Ẹ béèrè nípa abẹ́rẹ́ enoxaparin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ inú ikùn tàbí ìsàlẹ̀ ikùn, ó lè tó ọjọ́ 28, nítorí náà ẹ ó máa gún un nílé.

Ìrora. Abẹ́rẹ́ diclofenac tí wọ́n ń gún sí ìdí ni àṣà ní ọ̀pọ̀ ọsibítù wa. Fún ẹni yìí, mi ò fọwọ́ sí i: abẹ́rẹ́ náà ń da èsì CK rú, oògùn náà sì lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá bó bá ń lo methotrexate. Paracetamol inú iṣan ẹ̀jẹ̀ sàn.

Dídìde. Bó bá ti ṣeé ṣe, kó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì ní ọjọ́ kejì. Ẹ yí i padà ní wákàtí méjì-méjì bí kò bá lè yí fúnra rẹ̀.

CK lè ga lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nítorí abẹ gé iṣan. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà kan ṣoṣo dẹ́rù bà yín. Agbára apá àti ẹsẹ̀ ni kí ẹ wò pẹ̀lú rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 8: Nígbà tí ẹ bá délé

Ojú ọgbẹ́ á pẹ́ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹ má kánjú yọ òwú, ẹ má sì fi ewé tàbí lúúlúù oògùn sí i. Ara lè má gbóná bí àkóràn bá tilẹ̀ wọlé, torí sítẹ́rọ́ọ̀dù ń bo ibà mọ́lẹ̀. Pípọ́n, òórùn, omi tó ń jáde tàbí ìrora tó ń pọ̀ ni kí ẹ máa wá.

Ìdánrawò díẹ̀díẹ̀ kì í ba iṣan jẹ́. Ìdùbúlẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Kó dìde lórí àga ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kó sinmi, kó tún ṣe é lọ́sàn-án. Kó bo ara nínú oòrùn, torí oòrùn ń jí àrùn awọ yìí.

Kí ọjọ́ tí ẹ ó padà sọ́dọ̀ dókítà iṣan ti wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù. Òun ló máa sọ ìgbà tí methotrexate tàbí azathioprine á padà, àti bí prednisolone ṣe máa sọ̀ kalẹ̀. Bí iṣan bá ti le dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tó wá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, ẹ sọ fún dókítà jẹjẹrẹ pẹ̀lú. Ó lè jẹ́ àrùn iṣan nìkan, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ tó ń padà bọ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ fún yín ní oògùn jẹjẹrẹ bíi pembrolizumab tàbí nivolumab, tó ń tú ọmọ ogun ara sílẹ̀ kó bá jẹjẹrẹ jà, ẹ rán wọn létí àrùn iṣan. Àwọn oògùn yìí lè mú un gbiná, wọ́n sì lè mú ọkàn wú.

## Ẹ sáré padà sí ọsibítù lọ́jọ́ náà bí ẹ bá rí èyí

- Èébì tí kò jẹ́ kí prednisolone dúró nínú, tàbí òòyì pẹ̀lú àárẹ̀ tó dé lójijì
- Ẹsẹ̀ kan tó wú, tó ń dun, tàbí àyà tó ń gún nígbà tó bá ń mí
- Omi tàbí oúnjẹ tó ń gba imú jáde, tàbí ikọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá ń jẹun
- Kò lè dùbúlẹ̀ gbọọrọ mọ́ torí èémí
- Ìtọ̀ tó dúdú bíi kóòkì
- Ọgbẹ́ tó là tàbí tó ń rùn

Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú pàjáwìrì, kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ fi káàdì sítẹ́rọ́ọ̀dù hàn wọ́n.